Ọjọ́ Tí Wọ́n Wẹ Ẹ̀rọ

Ọjọ́ tí Isakki kọ́kọ́ rí Kathiresan, imú méjì ni Kathiresan gbé wá bá a.

Kì í ṣe imú tirẹ̀ o. Imú òrìṣà Lakshmi ni, lórí ìwé kàlẹ́ńdà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ. Àwọ̀ pupa kò bá àwọ̀ yẹ́lò ṣe déédéé, ni òrìṣà bá di onímú méjì. Isakki jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tó ń fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ de orí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nílé ìtẹ̀wé ọ̀gá Ponnaiah ní Sivakasi nìyẹn, kò sì tíì mọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù níbẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìwọ ọmọ tuntun," ni ọkùnrin náà wí, ó na ìwé náà sí i, "bá mi wo èyí. Ṣé ká kó o fún oníbàárà?"

"Ẹ kó o fún un," Isakki dáhùn. "Tó bá ní imú méjì, á tètè gbọ́ òórùn tùràrí wa."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Kathiresan fẹ́ fajú ro, torí òun ni ọ̀gá ẹ̀rọ, àmọ́ ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

"Ẹnu ẹ mú o. Ta ló bí ẹ?"

"Màmá mi ni. Tiwọn tún mú ju tèmi lọ."

Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Petchiammal, ìyá Isakki, opó ni, ó sì ti fi ẹnu nìkan tọ́ ọmọ méjì dàgbà. Ẹ̀gbọ́n Isakki, Durairaj, ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀gá Ponnaiah. Òun náà ló sì bá àbúrò rẹ̀ wá iṣẹ́ síbẹ̀.

Kathiresan kò ní ìyá, kò ní bàbá. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló wò ó dàgbà. Láti kékeré ló ti wà nídìí ẹ̀rọ ńlá tó wà ní àárín ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òyìnbó kó tó dé Sivakasi, tó máa ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tí wọ́n bá tanná sí i láàárọ̀. Ó máa ń bá a sọ̀rọ̀. "Rọra, bàbá, rọra," báyìí ni yóò máa wí, yóò sì máa fọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Isakki a máa wò ó láti ìdí páànù rẹ̀, inú rẹ̀ a sì máa dùn láìnídìí. Ó fẹ́ràn bí ọkùnrin náà ṣe ń fi sùúrù ṣe nǹkan. Ó fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀, ìka gígùn gígùn tí tàdáwà ti wọ inú èékánná wọn.

Gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ló ń pe Kathiresan ní ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe yẹ nìyẹn, ó ń dáàbò bo ọmọge, ó sì ń dáàbò bo orúkọ ọkùnrin. Isakki nìkan ni kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Tó bá fẹ́ pè é, yóò fi òòlù kan páànù títí yóò fi wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, nídìí ẹ̀rọ omi, Kathiresan bi í.

"Isakki, kí ló dé tí o kì í pè mí ní ẹ̀gbọ́n bíi tàwọn yòókù?"

"Mo ti ní ẹ̀gbọ́n kan nílé. Ó tó mi í gbọ́."

"Kí ni kí èmi wá jẹ́?"

"Ẹ lọ rò ó wò."

Ó lọ rò ó wò lóòótọ́. Ìrònú náà kò jẹ́ kó jẹun dáadáa. Nígbà tó padà wá, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Tí ọdún irinṣẹ́ bá ti kọjá, màá ní kí àbúrò ìyá mi wá rí màmá ẹ."

"Kí wọ́n wá sọ kí ni fún wọn?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹyinjú mi."

"Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

"Pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Pé ilé àbúrò ìyá mi kò tóbi, àmọ́ mi ò fẹ́ wọ ilé kankan mọ́ tí o kò bá sí níbẹ̀."

Isakki já òdòdó jásímínì kan lára èyí tó wà nírun rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì gbé garawa rẹ̀ lọ. Omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

Ní ìlú yẹn, lọ́jọ́ ọdún irinṣẹ́, gbogbo ohun tí èèyàn fi ń wá oúnjẹ ní í sinmi. Telọ kò gbọdọ̀ rán aṣọ, awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbé èrò, ọmọ ilé ìwé pàápàá kò gbọdọ̀ ṣí ìwé. Wọ́n á wẹ ẹ̀rọ mọ́ tónítóní, wọ́n á fi atalẹ̀ pupa kùn ún, wọ́n á so òdòdó mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á gbé gúgúrú ìrẹsì àti ẹ̀wà yíyan síwájú Ìyá Saraswati, òrìṣà tó ni ọdún náà. Ẹni tó bá la ẹnu pé òun ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni tó tutọ́ síwájú pẹpẹ.

Ọ̀gá Ponnaiah kì í fi ọdún yìí ṣeré. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó rán àwọn obìnrin lọ sílé kí wọ́n lọ wẹ̀ kí wọ́n tó padà wá. Ó ní kí Isakki nìkan dúró, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n fa àwòrán ìyẹ̀fun ìrẹsì sílẹ̀ bíi tirẹ̀. Isakki wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń da ìyẹ̀fun láàárín ìka rẹ̀. Kathiresan wà lókè rẹ̀, ó ń fi àkísà àti kẹrosíìnì nu tàdáwà pupa tó ti gbẹ mọ́ róólà ẹ̀rọ. Ọwọ́ ló fi ń yí róólà náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì ò sọ̀rọ̀. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Ponnaiah yọjú.

"Kathir, oò tíì ṣe tán? Wákàtí burúkú ti ń bọ̀, mo fẹ́ ṣe ìjọsìn kó tó wọlé."

"Ó kù díẹ̀, ọ̀gá. Ọwọ́ ni mo fi ń yí i."

"Ta ló ní kí o máa fọwọ́ yí i? Tanná sí i, kó máa yí fúnra rẹ̀, kó mọ́ kíákíá. Kàlẹ́ńdà àwọn ará Kerala ni a máa gbé lé e tí ilẹ̀ bá mọ́."

Ó sì lọ wọ aṣọ funfun rẹ̀. Kathiresan tanná sí i. Àkísà ló kọ́kọ́ wọlé, ìka mẹ́ta tẹ̀ lé e. Isakki ló sáré pa iná. Nígbà tí àwọn èèyàn dé, ìyẹ̀fun funfun tó fà sílẹ̀ ti di pupa, Isakki di ọkùnrin náà mú, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò wọ́n.

Wọ́n gé ìka mẹ́ta ní ọsibítù. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín nìkan ló kù ní ọwọ́ ọ̀tún.

Òfin sọ pé ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò san owó gbà-máà-bínú fún un. Àbúrò ìyá Kathiresan bá a kọ ìwé lọ sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Àwọn méjèèjì nìkan ló lọ síbẹ̀, wọn kò mú lọ́yà dání. Kathiresan ti kìlọ̀ fún Isakki kó má yọjú rárá. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa da orúkọ ẹ pọ̀ mọ́ tèmi níta," ó ní. Ọ̀gá Ponnaiah wá, ó ní òun kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún, ìjọsìn ni gbogbo àwọn jọ ń ṣe. Ọ́fíìsì náà dá ẹ̀bẹ̀ Kathiresan nù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ìjọsìn ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ká ní wọ́n kàn ní àwọn ò ní í sanwó ni, Kathiresan àti àbúrò ìyá rẹ̀ ì bá gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní Sivakasi, tí ẹ bá ní èèyàn farapa lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní ó mà ṣe o. Tí ẹ bá ní inú ìjọsìn ló ti pàdánù ìka rẹ̀, ojú mìíràn ni wọ́n á fi wò ó.

Petchiammal kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n nígbà tí àbúrò ìyá Kathiresan wá tọrọ Isakki.

"Ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Kì í ṣe pé mo kórìíra ọmọ yín. Àmọ́ Saraswati fúnra rẹ̀ ló gba ìka rẹ̀, lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, níwájú pẹpẹ rẹ̀. Ìjọba gan-an kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí òrìṣà kọ̀, ṣé ọwọ́ yẹn ló máa so okùn ìgbéyàwó mọ́ ọmọ mi lọ́rùn?"

"Màmá," Isakki wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Panu mọ́. Mo ti sin ọkọ kan. Mi ò ní í fi ojú mi rí i kí ìwọ náà sin tìẹ láàárín ọdún kan."

Ẹ̀rù ló ń bà á. Isakki mọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè bínú sí i bó ṣe fẹ́. Ó kàn sunkún ni, títí ojú rẹ̀ fi wú.

Kathiresan alára kò ràn án lọ́wọ́. Ó ti rí iṣẹ́ síbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, tó ń fún àwọn èèyàn ní nọ́ńbà. Ìgbàkígbà tí Isakki bá gba ibẹ̀ kọjá, yóò ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú aṣọ, yóò sì máa wo ibòmíràn. Lọ́jọ́ kan, Isakki gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ síbẹ̀. Kò ní ibì kankan tó ń lọ.

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà."

Ó fún un. "Isakki, jẹ́ kí màmá ẹ wá ọkọ fún ẹ."

"Kẹ̀kẹ́ ni mo wá gbé sílẹ̀, mi ò bi yín ní ti ọkọ. Kí lẹ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì yẹn?"

"Wọ́n bi mí pé kí ni mò ń ṣe sí ẹ̀rọ. Mo ní mò ń wẹ̀ ẹ́ fún ọdún ni. Wọ́n ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Mo ní rárá o, ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà?"

Isakki dúró, ó ń wò ó. "Ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ fi ẹnu ara yín tú ẹjọ́ yín ká."

"Kí ni kí n ti wí? Kí n dúró láàárín àwọn èèyàn kí n ní mo ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìyá Saraswati?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìka méjì ló kù lọ́wọ́ yìí. Mi ò fẹ́ kó gba ìyẹn náà."

Nígbà náà ló yé Isakki pé kì í ṣe ìyá òun nìkan ló gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ọkùnrin yìí náà ti gbà pé wọ́n kọ òun lọ́run. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, àmọ́ ojú ọjà ni wọ́n wà.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Ìyá tó ń wẹ ọmọ rẹ̀, ṣé eré ló ń ṣe? Ẹ bi màmá mi. Wọ́n wẹ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi títí ẹ̀yìn wọn fi ń ro wọ́n. Ìfẹ́ ni, iṣẹ́ sì ni. Ta ló sọ fún yín pé àwọn méjèèjì kò lè gbé inú ilé kan náà?"

Ẹnìkan wá gba kẹ̀kẹ́, Kathiresan fi ọwọ́ òsì gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àti pé," Isakki tún ní, "tí ọ̀gá Ponnaiah kò bá ń kánjú, ẹ ì bá ṣì máa fọwọ́ yí i. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, àbí ẹ ti gbàgbé mi?"

"Mi ò gbàgbé ẹ," ó ní. "Mi ò lè gbàgbé ẹ. Ìyẹn gan-an ni mi ò ṣe dárúkọ ẹ. Ìwọ nìkan lo wà pẹ̀lú mi, ìwọ ọmọge. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa sọ?"

"Wọ́n á ní mo fẹ́ràn yín. Ṣé irọ́ ni?"

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde nínú aṣọ láìmọ̀, ó fi nu ojú.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ bá lọ́yà Rajathi, obìnrin kan tó ń gba ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìṣáná rò. Ó ti darúgbó, ó sì máa ń jẹ ẹ̀pà bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn. Ó gbọ́ tiwọn tán, ó da èèpo ẹ̀pà nù.

"A máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn," ó ní. "Ilé ẹjọ́ gíga ní Madurai la ń lọ. Àmọ́ kí n má tàn yín jẹ. Kì í ṣe ọwọ́ yìí ni wọ́n máa yẹ̀ wò níbẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni: ta ló ní kí o wẹ ẹ̀rọ, ta sì ni wíwẹ̀ náà ṣe láǹfààní?"

"Ìyá Saraswati," Kathiresan wí.

Lọ́yà wo Isakki. "Ọkọ ẹ nìyí?"

"Kò tíì rí bẹ́ẹ̀, mà."

"Tètè fẹ́ ẹ, kó lè rí ẹni máa bá a sọ̀rọ̀."

Madurai kò yá. Wọ́n lọ, wọ́n ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n padà lọ, adájọ́ kò sí. Òjò rọ̀, ó dá. Nígbà tó wá kàn wọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò gba àsìkò tó ti kíkọ́ aṣọ lórí okùn. Adájọ́ ka ìwé, ó gbé ojú sókè, ó ní ìyanu ló jẹ́ fún òun pé kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó ní kí wọ́n tanná sí ẹ̀rọ. Ó fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí ọ́fíìsì náà tún ẹjọ́ gbọ́, kí wọ́n gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà. Gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó jẹ́.

Durairaj ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí ẹní lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ọkọ̀ tí mò ń wà, ta ló ni ín? Páànù tí o ń kàn, ta ló ni ín? O fẹ́ lọ dúró níwájú àwọn ọkùnrin kí o máa sọ pé ìwọ àti Kathir nìkan lẹ wà nínú ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa fẹ́ ẹ?"

"Ẹni tí mo fẹ́ kó fẹ́ mi náà ni."

"Màmá, ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ?"

Petchiammal ń ṣa ìrẹsì. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Mo gbọ́," ó ní. "Ọmọ mi kò ní í dá lọ sí ilé ẹjọ́. Èmi ni mo máa bá a lọ."

Isakki kò mọ̀ bóyá láti ṣọ́ òun ni àbí láti dá òun lẹ́kun. Kò sì láyà láti béèrè.

Yàrá ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà há, fáànù rẹ̀ ń ké. Ọ̀gá tuntun ni wọ́n ti gbé wá sí ọ́fíìsì náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Ó pe Kathiresan síwájú, ó béèrè ohun tó ń ṣe sí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.

Kathiresan wo ọwọ́ rẹ̀. Isakki ti di etí aṣọ ara rẹ̀ mú.

"Iṣẹ́ ni, sà," ó ní.

Lọ́yà ọ̀gá Ponnaiah dìde. "Lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún, o ní kì í ṣe iṣẹ́."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tí mo bá pè é ní iṣẹ́, mo bú Ìyá nìyẹn. Àmọ́ mo ti rò ó. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, sà. Òógùn bò mí. Mo fi ìfẹ́ ṣe é, àmọ́ iṣẹ́ ni."

Wọ́n pe Isakki. Ó sọ ohun tó gbọ́, bó ṣe gbọ́ ọ: wákàtí burúkú tó ń bọ̀, iná tí wọ́n ní kí Kathir tàn, kàlẹ́ńdà àwọn ará Kerala. Ọ̀gá Ponnaiah jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìwọ ọmọbìnrin tí kò tíì lọ ilé ọkọ, kí ló dá ìwọ àti ọkùnrin yìí nìkan dúró sínú ilé?"

"Ọ̀gá ló ní kí n dúró fa àwòrán sílẹ̀." Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, Isakki ń gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń mí. "Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá tiẹ̀ ní kí n dúró, ǹ bá ti wá nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, sà."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì.

"O wá lè purọ́ nítorí rẹ̀," ni lọ́yà náà wí.

"Ọkùnrin tó ń ti ẹ̀gbẹ́ mi sá lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà bà mí lórúkọ jẹ́, ṣé irú rẹ̀ á gbà kí n purọ́ nítorí òun? Ọ̀gá wà níbí yìí. Wọ́n gba òrìṣà gbọ́ jù mí lọ. Ẹ bi wọ́n."

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà yíjú sí Ponnaiah. "Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

Lọ́yà rẹ̀ ti ń na ọwọ́ láti dá a lẹ́kun, àmọ́ Ponnaiah ti dìde. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti ìgbà yẹn pé òrìṣà lòun ń rò lọ́jọ́ náà, ó sì ti gbà á.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo ní kó tanná sí i. Mi ò fẹ́ kí wákàtí rere kọjá."

"Kàlẹ́ńdà àwọn ará Kerala ńkọ́?"

Ó fi aṣọ èjìká rẹ̀ nu ọrùn. "Ìyẹn náà wà lọ́kàn mi, sà. Mi ò lè purọ́ lórí ọdún irinṣẹ́."

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà, Petchiammal kò bá ọmọ rẹ̀ sọ nǹkan kan. Fèrèsé ló ń wò títí wọ́n fi délé. Isakki rò pé ọ̀rọ̀ ti parí láàárín àwọn, ó sì sunkún sínú aṣọ.

Nígbà tí ìdájọ́ jáde, Petchiammal ló kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n kọ. Kò béèrè iye owó. Isakki kà á sí i létí: lẹ́nu iṣẹ́ ni ọkùnrin náà wà, iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rán an ló ń ṣe nígbà tó farapa.

"Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Iṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

Petchiammal dìde, ó lọ fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó sọ̀rọ̀ láti ìdí ìkòkò náà. "Sọ fún un kó wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Òun nìkan. Àbúrò ìyá rẹ̀ lè wá tó bá di ìgbà mìíràn."

Kathiresan wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun wá. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n da ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà sí i, ọ̀dùnkún díndín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Durairaj jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fajú ro díẹ̀, torí ọkọ̀ ẹlòmíràn ló ń wà báyìí, ọkọ̀ náà sì dàgbà ju ọ̀gá Ponnaiah lọ. Kathiresan wo oúnjẹ náà, ó wo ilẹ̀, ó wá yọ ṣíbí kan láti inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Kí nìyẹn?" Petchiammal bi í.

"Ṣíbí ni, mà. Ìrẹsì máa ń dà nù lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ òsì kò sì yẹ lójú yín."

"A kì í fi irin jẹun nílé yìí. Dá a padà sápò."

Ojú tì í gan-an. Isakki tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi rí i bó ṣe ń dá ṣíbí náà padà. Ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀.

Petchiammal ká ẹsẹ̀ kò, ó jókòó sílẹ̀ níwájú Kathiresan, ìrora ẹ̀yìn mú un kérora díẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ìrẹsì àti ọbẹ̀ pọ̀ lórí ewé ọkùnrin náà, ó pò ó dáadáa, ó sì mọ ọ́n róbótó bí ó ṣe máa ń mọ ọ́n fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì mọ̀ ọ́n jẹ.

"Gbé ọwọ́ wá."

Kathiresan gbé ọwọ́ òsì wá.

"Kì í ṣe ìyẹn. Ọ̀tún."

Ó gbé ọwọ́ òsì sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé e jáde, àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín, àpá ńlá láàárín wọn. Petchiammal wò ó, kò gbé ojú kúrò. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé e láti ìsàlẹ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì gbé ìrẹsì náà sí àárín rẹ̀.

"Jẹ ẹ́ kó tó tutù, ọmọ mi."

Ó jẹ ẹ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́, kò sì rántí fi ọwọ́ òsì nù ún, torí ìyá náà kò tíì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti ń mọ òmíràn.